Apá Òsì Àkíbù

Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni Àkíbù sá sí lọ́jọ́ tí Ruqoyyah kọ́kọ́ fojú kàn án. Ọkùnrin gìrìwò tó ń dá irin géètì gbé, òun ló dúró lẹ́yìn obìnrin kúkúrú kan lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn ní Adébáyọ̀, l'Ádó, tó ń yọjú wo abẹ́rẹ́ bí ẹni tó rí ejò. Òórùn irin jíjó wà lára aṣọ rẹ̀, ẹyinjú rẹ̀ sì funfun báláú. Ruqoyyah pa ẹ̀rín mọ́ra títí, ẹ̀rín náà já mọ́ ọn lẹ́nu.

"Bùọ̀dá, ta ló fẹ́ gba abẹ́rẹ́, ẹ̀yin ni àbí Màmá?"

"Màmá ni o!" ni Àkíbù dáhùn kíákíá. "Èmi kàn sìn wọ́n wá ni."

Sìmíátù ni ìyá náà ń jẹ́, láti Ìgèdè ló ti ń wá ta èlùbọ́ ní Ọjà Ọba. Ó ti ká ọwọ́ bùbá rẹ̀ sókè. "Nọ́ọ̀sì, ẹ má dá a lóhùn. Wẹ́dà ni, iná kì í bà á lẹ́rù, àfi abẹ́rẹ́."

Ìtọ̀ ṣúgà ló ń bá Màmá fínra, dókítà ló sì ní kó wá gba abẹ́rẹ́ fúlù kí ọyẹ́ tó dé. Ruqoyyah gún un, Màmá ò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì náà máa ń sọ fún gbogbo ènìyàn ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ: fúlù kì í ṣe ọ̀fìnkìn lásán. Ẹni tí ara rẹ̀ le á dùbúlẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, á dìde. Ṣùgbọ́n tó bá mú àgbàlagbà, tàbí aláboyún, tàbí ọmọ jòjòló, tàbí ẹni tí àìsàn ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó lè gbé onítọ̀hún lọ. Ọdọọdún la sì ń gba abẹ́rẹ́ rẹ̀, torí àrùn náà máa ń pàwọ̀ dà.

"Ta ló tún ń bẹ nílé, Màmá?"

"Bàbá rẹ̀ wà ńlé. Bíríkìlà ni, ogójì ọdún ló fi fa sìmẹ́ǹtì símú. Tó bá húkọ́, gbogbo àdúgbò á mọ̀ pé òun ni."

"Bàbá gan-an ló yẹ kó gbà á. Àti ẹ̀yin náà, bùọ̀dá. Ẹni tí ara rẹ̀ le ló ń gbé e wọlé fún ẹni tí ara rẹ̀ ò le."

Àkíbù ká ọwọ́ òsì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè. Ó wo abẹ́rẹ́. Ó wo Ruqoyyah. Ó ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀. "Mo ń bọ̀ l'Álàmísì," ló wí.

Ó sì wá l'Álàmísì, ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Ó ra bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà dání, ó ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì sókè, ó tún ká a sílẹ̀. L'Álàmísì kejì, ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn tó ń dún kíyọkíyọ ló bá wọn tún ṣe, abẹ́rẹ́ ò sì kàn án. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti ń pè é ní ọkọ Nọ́ọ̀sì.

"Nọ́ọ̀sì mi, apá mi ló ń bẹ̀rù o, kì í ṣe èmi."

"Ó dáa, fi apá náà sílẹ̀ níbí kó o máa lọ."

"Háà! Apá tí mo fẹ́ fi gbé ẹ wọlé?"

Ojú ti Ruqoyyah, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, ó ti gbàgbé ìgbà tí ẹnì kan ti mú un rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ kan.

Lópin oṣù kọkànlá, Àkíbù mú un lọ sí Ìgèdè lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, kí bàbá rẹ̀ lè rí i. Ruqoyyah gbé kúlà dání, ó to yìnyín sínú rẹ̀, ó sì fi abẹ́rẹ́ méjì sí i, ọ̀kan fún bàbá, ọ̀kan fún ọmọ. Ó ti pinnu pé òní ni àwàdà náà máa tán.

Bàbá Ọládipúpọ̀, bàbá Àkíbù, jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, pẹ̀lú Tíṣà Adébíyìí, aládùúgbò rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Bàbá wo Ruqoyyah tòkètilẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gbà á. Ọjọ́ Jímọ̀ ni Àkíbù máa ń wálé, láti kékeré rẹ̀ sì ni òun àti bàbá rẹ̀ ti ń jẹ iyán nínú abọ́ kan ṣoṣo lọ́jọ́ náà lẹ́yìn ìrun. Wọ́n jẹun tán kí Ruqoyyah tó ṣí kúlà.

"Àwa méjèèjì la jọ ń jẹun nínú abọ́ kan," ni Bàbá wí. "Ọjọ́ tí ọmọ mi bá gba abẹ́rẹ́ yìí lèmi náà máa gbà á. Kó kọ́kọ́ na apá tirẹ̀."

Àkíbù ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè. Gbogbo wọn ń wò ó. Òógùn bò ó níwájú orí, ló bá ká a sílẹ̀. Tíṣà bú sẹ́rìn-ín, Màmá pàtẹ́wọ́, Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ruqoyyah náà rẹ́rìn-ín. Ó pa kúlà dé.

Bí wọ́n ti ń padà s'Ádó, ojú ń ti Àkíbù. "Rùkáyá, lọ́la ni mo máa gbà á. Mo fi Ọlọ́run búra."

Bàbá ti pe Ruqoyyah ní ìyàwó wa lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ yẹn, orí rẹ̀ ti wú. Ó gbé ọwọ́ lé e léjìká. "Ta ló ń lé ẹ? Tó o bá gbà á tán, kí lo máa fi máa tọrọ àyè wá bá mi? Jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ọ̀rọ̀ tó sọ nìyẹn o. Ẹyin ni ọ̀rọ̀, tó bá ti bọ́ nílẹ̀, ta ní lè kó o?

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ náà di ọ̀sẹ̀ kẹta nínú eré, ọyẹ́ sì dé. Ọ̀fìnkìn mú Àkíbù l'Álàárùbá, orí ń fọ́ ọ, ara rẹ̀ gbóná. Kò sọ fún Ruqoyyah, nítorí ó mọ̀ pé á bá òun wí. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó gbéra lọ sí Ìgèdè. Ó ní kí wọ́n bu oúnjẹ tòun lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n Bàbá fa abọ́ sáàárín. "Ìgbà wo ni ọ̀fìnkìn dé àárín èmi pẹ̀lú ẹ?" Wọ́n sì jọ jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé, ara Àkíbù ti yá, ó ti padà sídìí iná rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni Bàbá dùbúlẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n fi atẹ́gùn sí i nímú, gbogbo ohun tó yẹ ni wọ́n ṣe. Àyà tí sìmẹ́ǹtì ti jẹ ò lè gbé e. Ọjọ́ kẹsàn-án ló dákẹ́, wọ́n sì sin ín nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Níbi ìsìnkú, Àkíbù ò wo ibi tí Ruqoyyah wà. Ruqoyyah pè é lórí fóònù títí, kò gbé e. Nígbà tó tọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, Àkíbù ń jó irin lọ ni, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Àkíbù, jọ̀ọ́, bá mi sọ̀rọ̀."

Ó pa iná. "Kí ni kí n sọ? Tí mo bá ti rí ẹ, ẹ̀rín ọjọ́ yẹn ni mo ń gbọ́. Ọwọ́ tí mo fi gbé àìsàn sínú abọ́ bàbá mi, ṣé òun ni kí n fi gbé ẹ níyàwó?"

Ruqoyyah lọ sílé, ó sunkún bí ọmọdé. Abẹ́rẹ́ méjì yẹn ṣì wà nínú fíríìjì ilé ìwòsàn. Gbogbo àárọ̀ tó bá ṣí i ló ń rí wọn.

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó wọkọ̀ lọ sí Ìgèdè lóun nìkan. Màmá wà nínú tàkàbá, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí opó Mùsùlùmí fi ń jókòó sílé ṣọ̀fọ̀ ọkọ. Ó rù, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú.

"Wọ ulé wá, ọmọ mi."

Ruqoyyah kúnlẹ̀, kò dìde. "Màmá, èmi ni mo pa wọ́n. Àkíbù fẹ́ gbà á lọ́jọ́ kejì, èmi ni mo ní kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo fẹ́ kó máa wá bá mi ni. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ̀, mo sì fi ṣeré."

Ruqoyyah ń retí kí wọ́n lé òun jáde.

"Ṣé ìwọ nìkan lo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn ni?" ni Màmá wí. "Èmi pàtẹ́wọ́. Èmi tí mo ti gba tèmi, tí mo mọ̀ pé bí ìgbà tí èèrà jẹni ni, ṣé mo sọ fún ọkọ mi? Mo ń fi ọmọ mi ṣẹ̀fẹ̀." Ó fi etí ìborùn nu ojú. "Gbogbo wa la jọ ṣe é. Má dá ẹrù náà rù lọ. Tíṣà ṣì ń wá jókòó síta lálaalẹ́, lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Ikọ́ ń bá òun náà jà. Gbé kúlà rẹ wá lọ́jọ́ Jímọ̀."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Àkíbù ti mọ́sálásí dé, ó bá Ruqoyyah lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú kúlà, ó fẹ́ yí padà. Ohùn ìyá rẹ̀ dá a dúró láti inú ilé. Tíṣà Adébíyìí jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó di ọwọ́ agbádá rẹ̀ mú gbọin.

"Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre," ni Tíṣà ń wí. "Ẹni ọgọ́rin ọdún, kí ló tún kù tí mo fẹ́ fi abẹ́rẹ́ ṣe?"

Àkíbù wo arúgbó náà. Ó wo àyè tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó lọ jókòó síbẹ̀, ó sì ká ọwọ́ òsì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè.

"Gún mi," ló wí.

Ruqoyyah ṣí kúlà. Ó fi òwú nu apá náà, ó gún un, ó yọ ọ́.

"Ó ti tán," ni Ruqoyyah wí jẹ́jẹ́.

"Ṣé kò jù báyìí lọ ni?"

"Kò jù báyìí lọ."

"Kò jù báyìí lọ!" Àkíbù bú sẹ́kún. "Yéè, Bàbá mi! Kò jù báyìí lọ!" Ó gbé orí lé ọwọ́ Ruqoyyah, ó sun ẹkún tí kò sun níbi ìsìnkú. Nínú ilé, Màmá náà ń sunkún. Tíṣà bọ́ agbádá rẹ̀ láìsọ ohunkóhun, ó sì na apá rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí ì bá jẹ́ ti Bàbá ni Ruqoyyah gún un.

Nígbà tí Tíṣà ti lọ, àwọn méjèèjì ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì. Màmá ti fẹnu sí i láti ojú fèrèsé pé bí òun bá ti jáde nínú tàkàbá, àwọn ẹbí máa lọ rí bàbá Rùkáyá. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Ìbànújẹ́ yìí ò ní lọ o, Rùkáyá," ni Àkíbù wí. "Ṣé wàá lè bá a gbélé?"

"Èmi náà ní tèmi. A ó jọ máa gbé e ni."

Àkíbù yíjú sí i. "Tí ọyẹ́ bá tún ku díẹ̀ kó dé, lọ́dọọdún, ṣé ìwọ lo máa máa gún mi?"

"Èmi ni," ni Ruqoyyah dáhùn, ó sì mú apá òsì náà dání. "O ò sì ní dúró de Álàmísì mọ́."