Ìdáhùn Tí Mosúnmọ́lá Jí Wò

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá da ásíìdì mọ́ bílíìṣì? Mosúnmọ́lá tẹjú mọ́ ìwé náà títí lẹ́tà fi dà bí èèrà lójú rẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í wọ orí rẹ̀ mọ́. Ẹkún pàápàá kò wá.

Stephanie, ọ̀rẹ́ rẹ̀, rọra ti ìwé tirẹ̀ sún mọ́ ọn. "Mosún, copy am jàre. Tísà no dey look."

Ó dà á kọ láìkà á. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Akínrẹ̀mí, olùkọ́ wọn, dá ìwé padà, mẹ́wàá nínú mẹ́wàá ló gbà. Inú rẹ̀ kò dùn, kò sì bàjẹ́.

Ní Sátidé, ó ń fọ sùtánà tí ìyá rẹ̀ máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí Ìyá Àgbà, tó bí ìyá rẹ̀, lè wọ̀ ọ́ lọ síbi ìsìn ìrántí. Omi ẹ̀rọ Ogunu, àdúgbò wọn, máa ń pọ́n. Ó ti kó àbàwọ́n irin tó dógùn-ún bá aṣọ funfun náà. Mosúnmọ́lá rẹ ẹ́ sínú bílíìṣì ní balùwẹ̀ tí kò ní fèrèsé. Àbàwọ́n kò kúrò. Ó rántí ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó da á lé e.

Omi náà hó. Èéfín kan dìde, àwọ̀ rẹ̀ bí ewé tó ń rọ, ó ta á nímú. Ó sá jáde, ó ń wúkọ́, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé.

"Aṣọ ọmọ mi! Ẹ jẹ́ n mú aṣọ ọmọ mi!"

Mosúnmọ́lá di èémí mú, ó wọ́ ọ jáde. Festus, aládùúgbò wọn, fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ gbé wọn dé ọsibítù.

"Wetin una mix?" ni nọ́ọ̀sì bi í.

"Bílíìṣì àti ásíìdì."

"Na chlorine be that! Dem no teach una for school?"

"Wọ́n kọ́ wa, mà," ni ó dáhùn jẹ́ẹ́.

Ó di ìrọ̀lẹ́ kí èémí Ìyá Àgbà tó já geere. "Sùtánà náà ńkọ́?"

"Ó ti bàjẹ́, Ìyá Àgbà."

"Omi ló dà nù, agbè ò fọ́. Ìwọ, ṣé o ti jẹun?"

Ní Mọ́ńdè, Mosúnmọ́lá gbé ìwé rẹ̀ lọ bá olùkọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fagi lé mẹ́wàá yìí. Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo wò ó kọ ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyá mi àgbà."

Ọ̀gbẹ́ni Akínrẹ̀mí fagi lé mẹ́wàá náà. Ó fi bírò pupa kọ òdo. Lẹ́yìn náà ó fa àga fún un. "Jókòó. Ẹ̀bi ò ní kọ́ ọ ní kẹ́mísìrì."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti flúórìn inú ọṣẹ ìfọyín, ó dé orí klórìn tó ń pa kòkòrò inú omi, àti áyódínì inú iyọ̀. Ìbátan ni wọ́n, gbogbo wọn ló sì wúlò fún ẹni tó bá mọ ohun tí kò yẹ kó dà mọ́ wọn. Mosúnmọ́lá ń kọ ọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ní ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ìdáhùn tí a jí wò lè gba máàkì fún wa. Kò lè gba ẹ̀mí là.