Ọ̀dà Tí Mo Fi Kun Ilé Màmá

Ẹni tó kọ́kọ́ kí mi kú ará fẹ́ra kù, ẹ̀gbẹ́ màmá mi gan-an ló dúró sí. Sẹ̀kínátù ni, aládùúgbò wa ní Ìsólò-Ọ̀pìn, tó ń ta irú. Ó wo ògiri wa tí ọ̀dà rẹ̀ ò tíì gbẹ, ó mirí, ó ní Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ̀yìn ìyá dára. Màmá wà lórí àpótí láàárín àwa méjèèjì, ó ń bó èèpo iṣu sísun. Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwàdà ni.

Ẹni tó bá mọ ìlú wa mọ̀ pé a kì í ṣàdédé kun ilé àgbà. Ọjọ́ tí àgbà bá kú ni àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn odi máa ń sáré wálé, tí wọ́n á kun ilé, tí wọ́n á tún balùwẹ̀ ṣe, nítorí àlejò ìsìnkú. Bí o bá ti rí ọ̀dà tuntun lára ilé arúgbó, o ò ní láti béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Èmi náà mọ èyí. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta ni mo fi ń ro ó ní Abuja, tí oorun ò kun ojú mi: bí Màmá bá lọ lójijì ńkọ́? Èmi nìkan ló kù nínú ọmọ tó bí. Ṣé ògiri tó ti ń bó ni àlejò á wá bá? Ni mo bá wálé lọ́jọ́ Ajé, mo pe Qòsím, akunlé kan ará Koro. Mo purọ́ fún Màmá pé ọdún Kérésì ni mo ń múra fún. Oṣù kẹta la wà.

Màmá ò bi mí ní nǹkan kan. Ó ní kí n wá jẹ iṣu nígbà tó ṣì gbóná. Mo ní mò ń bọ̀. Ibi tí a ó ta kánópì sí ni mò ń fẹsẹ̀ wọ̀n.

Lọ́jọ́ kejì, mẹ́rin nínú àwọn ìyá ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wá. Wọ́n gba iwájú rẹ̀ kọjá, wọ́n jókòó, wọ́n ń sunkún jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Màmá kí wọn lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ọ̀kan tiẹ̀ gbé àpò rẹ̀ lé Màmá lẹ́sẹ̀ bí ẹni tó ń gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ní, “Ẹ̀yin ìyá, òun nìyẹn.” Wọ́n wò mí, wọ́n wo ara wọn, wọ́n ní ọ̀fọ̀ ló ń dà mí láàmú, kí n lọ sùn.

Nígbà tó di ọ̀sán Ọjọ́rú, Qòsím ti dé ògiri tó kẹ́yìn. Ó rọra bi mí pé ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo wolẹ̀. Oòrùn ń ràn kíkankíkan, òjìji àpótí wà nílẹ̀, ti Màmá ò sí. Èmi fúnra mi ní láti tẹjú mọ́ ọn kí n tó rí i. Mo ní kí Qòsím gbé agolo rẹ̀, kó máa lọ.

Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbé orí sókè.

“Mo mọ̀, Adédayọ̀,” ni Màmá wí. Ohùn rẹ̀ ti di tín-ín-rín. “Láti ọjọ́ tí o ti dé, o ò tíì wo ojú mi. Ulé lò ń wò.”

Mo ní ẹ̀rù ọ̀la ló ń bà mí.

“Ọlọ́run ló ni ọ̀la. Òní ló fún mi, ìwọ gbà á lọ́wọ́ mi. Jókòó. Usu ń tutù.”

Ó ní láràárọ̀ lòun ń bẹ Jésù fún oúnjẹ òòjọ́, òun ò tọrọ tọ̀la rí, ebi ò sì pa òun kú. Ó gbàdúrà sórí iṣu náà. Mo ṣe àmín, mo jẹ ẹ́ pẹ̀lú epo àti iyọ̀, mo sì ń wo ojú rẹ̀, ojú tí mi ò wò dáadáa láti ọdún mẹ́ta. Nígbà náà ni mo gbọ́ ohun kan tó ń já bọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́yìn wa. Ọ̀dà ni. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ó ń ṣí kúrò lára ògiri fúnra rẹ̀.

Sẹ̀kínátù ń kọjá lọ. Ó dúró.

“Màmá, ẹ kúulé o. Ọjọ́ mẹ́ta.”

Mo sunkún bí ọmọdé.

Oṣù mẹ́jọ nìyí. Mi ò padà sí Abuja mọ́. Gbogbo ọ̀dà náà ló ti ṣí tán, àfi ibì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé Màmá, tí kò ju èékánná lọ. Ọjọ́ tí mo bá jẹun pẹ̀lú rẹ̀ tọkàntọkàn, bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń wà. Lánàá, Màmá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, èmi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohun tí mo ti búra pé mi ò ní rò mọ́. Láàárọ̀ yìí, ọ̀dà ẹ̀gbẹ́ fèrèsé náà ti tó àtẹ́lẹwọ́, ó tutù, ó sì lẹ̀ mọ́ mi níka. Sẹ̀kínátù kọjá, ó bá èmi àti Màmá níwájú ilé. Èmi nìkan ló kí.

Ní báyìí, Màmá ń pè mí láti ẹ̀yìnkùlé pé iṣu ti jinná. Mò ń lọ jókòó.