Kíkan Kì í Ṣe Bíbàjẹ́

"Kà á fún mi," ni Ìyá àgbà wí. Ó ń sẹ́ ògì lọ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nínú aṣọ asẹ́, omi funfun sì ń ro tótó sínú báàfù. Onízẹ́mì tó mú ìwé náà wá láti ọ́fíìsì ìlera kò tíì jìnnà. A ṣì ń gbọ́ ìró alùpùpù rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Mo ṣí ìwé náà, ara mi sì tutù. Wọn kò gba ìbéèrè wa. Wọ́n so ẹ̀dà fọ́ọ̀mù tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ mọ́ ọn, wọ́n sì fi bíìkì pupa fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀.

Orúkọ mi ni Prisca. Mo wà ní ọdún kẹta ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Adja-Ouèrè, ọ̀dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi ni mo sì ń gbé. Ẹfúnwùmí ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Ẹlẹ́kọ ni gbogbo ilé-ìwé mọ̀ ọ́n sí. Ẹnu géètì wa ló ti ń ta ẹ̀kọ àti àkàrà láti ìgbà tí ìyá mi fúnra rẹ̀ wà ní kíláàsì. Nígbà tí a wọlé lọ́dún yìí, àwọn elétò ìlera ní ẹnikẹ́ni tó bá ń se oúnjẹ nílé wá tà fún akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ó gbọ́dọ̀ lọ yẹ ara rẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn. Ẹran ọ̀sìn kò gbọdọ̀ wọ ibi ìdáná rẹ̀, omi àti oúnjẹ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní bíbò, ó sì gbọ́dọ̀ kọ bó ṣe ń se oúnjẹ náà sínú fọ́ọ̀mù lédè Faransé.

Ìyá àgbà kùn, ṣùgbọ́n ó ṣe gbogbo rẹ̀. Kódà ó so Àdùkẹ́ mọ́ ẹ̀yìnkùlé, ìyẹn ewúrẹ́ rẹ̀ tó máa ń sùn sẹ́bàá ààrò bí ẹni tó sanwó ilé. Ó wá ku fọ́ọ̀mù. Mèsíyè Akíndèjì, olùkọ́ kan ní ìjọ wa, ní òun lè bá wa kọ ọ́. Mo ní rárá o. Ṣé ẹni tó gba ipò kìíní nínú Faransé ló tún ń wá olùrànlọ́wọ́?

Gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa títí mo fi dé ibi tí àgbàdo ti ń kan. Ọjọ́ mẹ́ta la máa ń rẹ ẹ́ sínú omi kó lè kan ká tó lọ lọ̀ ọ́. N kò mọ ohun tí wọ́n ń pe kíkan yẹn ní Faransé. Wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, èmi àti Nadège, ọ̀rẹ́ mi, ń kọ ìwé ránṣẹ́ sí ara wa lábẹ́ tábìlì. Mo bá kọ "gâter", ọ̀rọ̀ tí à ń lò fún tòmátì tó ti jẹrà. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ ni pé a máa ń fi àgbàdo sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kó lè bàjẹ́.

"Kí ni wọ́n wí?" Ìyá àgbà tún bi mí.

"Wọ́n ní... wọn ò fẹ́ àgbàdo tí a máa ń rẹ."

Kì í ṣe irọ́ pátápátá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òótọ́. Ìyá àgbà yọ ọwọ́ kúrò nínú ògì, ó nù ún mọ́ ìró, ó sì dìde.

"Ta ni ò fẹ́ ẹ? Ṣé àwọn yẹn ò jẹ ẹ̀kọ dàgbà ni? Mo so ewúrẹ́ mi, mo ní ó dáa. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lára mi, mo ní ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí n má rẹ àgbàdo, ó ní kí n má ṣe ẹ̀kọ mọ́ nìyẹn. N ò gbà."

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé igbá rẹ̀ lọ sí géètì, ó sì jókòó sí àyè rẹ̀ láìsí ìwé àṣẹ. Kò pẹ́ tí Mèsíyè Romaric, òṣìṣẹ́ ìlera tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ oúnjẹ, fi dé.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

"N ò dìde."

"Bí mo bá tún bá yín níbí láìsí ìwé, màá gbé igbá yìí, ẹ ò sì ní rí àṣẹ gbà títí ọdún ilé-ìwé yìí á fi parí. Ọjọ́ Ajé ni kí ẹ wá rí mi ní ọ́fíìsì."

"Gbé e kí n rí ọ. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ jẹ ọ̀kan nínú rẹ̀, kó o sọ ohun tó ṣe é fún mi."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàtẹ́wọ́. Èmi ò lè pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yìn igi máńgòrò ni mo wà, ojú ń tì mí, nítorí èmi ni mo dá gbogbo ìjà yẹn sílẹ̀.

Mo sọ ọ́ fún Nadège. Ó fi mí rẹ́rìn-ín.

"Ìyẹn náà lo ń sunkún sí? Gba fọ́ọ̀mù mìíràn. Kọ ọ́ pé ẹ ò kì í rẹ àgbàdo mọ́, pé ọjọ́ tí ẹ bá lọ̀ ọ́ náà lẹ ń sè é. Ta ló fẹ́ wá ka ọjọ́ mẹ́ta nínú ilé yín?"

"Ìyá àgbà ńkọ́?"

"Ṣé ó gbọ́ Faransé ni?"

Mo kọ ọ́. Nígbà tí mo gbé e fún Ìyá àgbà, mo ní mo ti tún un ṣe. Mo ti múra irọ́ tí màá pa bó bá béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò béèrè. "Ìwọ ni ojú mi," ló wí, ó sì tẹ ìka síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ẹgba lọ, síbẹ̀ mo ká fọ́ọ̀mù náà sínú báàgì mi.

Lọ́jọ́ Ajé, obìnrin méjì kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọ́fíìsì, wọ́n ń dúró de tiwọn. Mèsíyè Romaric ka fọ́ọ̀mù wa, ó sì tújú ká.

"Ìyá, inú mi dùn. Ẹ ní ẹ ò kì í rẹ àgbàdo mọ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" ni Ìyá àgbà wí. "Èyí tí mo rẹ lọ́jọ́ Ẹtì ṣì wà nínú ìkòkò nílé báyìí. Àgbàdo tó ti Massè wá ni, ó dára."

Ọkùnrin náà gbé fọ́ọ̀mù méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. "Ìka yín ló wà lórí wọn. Èyí ní ẹ máa ń jẹ́ kí àgbàdo bàjẹ́ kí ẹ tó sè é. Èyí ní ẹ ò kì í rẹ ẹ́ rárá. Èwo ni irọ́ níbẹ̀?"

"Méjèèjì," ni Ìyá àgbà wí. Ó wá yíjú sí mi. Kò pariwo. "Prisca."

Mo ní, "Èmi ni, Mèsíyè. N ò mọ bí wọ́n ṣe ń pe kíkan, mo wá kọ bíbàjẹ́. Nígbà tí mo rí i pé èmi ni mo ṣàṣìṣe, mo purọ́ bò ó. Ìyá àgbà ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀." Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin orí bẹ́ǹṣì pòṣé. Omi bọ́ lójú mi.

"Fermenter," ni Mèsíyè Romaric wí. "Ọ̀rọ̀ yẹn ni kíkan. Ìyá, kò síbi tí òfin ti ní kí ẹ má rẹ àgbàdo. Ọmọ-ọmọ yín ló ṣe òfin yẹn."

Mo rò pé Ìyá àgbà á rọlẹ̀. Kò rọlẹ̀.

"Ìwọ náà ńkọ́? O ka 'bàjẹ́' nípa ẹ̀kọ, o ò sì wá wo ilé mi? Èyí tó kan, omi orí rẹ̀ máa ń tòrò, òórùn rẹ̀ á máa ta ni nímú. Èyí tó bàjẹ́ á máa yọ̀, á bu. Àdùkẹ́ gan-an ò ní fẹnu kàn án."

"Ta ni Àdùkẹ́?"

"Ewúrẹ́ mi tí ẹ ní kí n so."

Àwọn obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, Mèsíyè Romaric náà sì rẹ́rìn-ín. Ó gbà pé ó yẹ kí òun ti wá wo ilé wa. Ṣùgbọ́n ó ní fọ́ọ̀mù èké ní ìyà tirẹ̀: Ìyá àgbà kò gbọdọ̀ tà ní géètì fún ọ̀sẹ̀ méjì, a ó sì kọ fọ́ọ̀mù mìíràn. Mo retí kí Ìyá àgbà bá a jà. Kò bá a jà. "Èyí tọ́ sí wa," ló wí.

Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn gùn. Bí mo bá jáde fún ìsinmi, àyè Ìyá àgbà á ṣófo, àwọn ẹgbẹ́ mi á sì máa bi mí pé kí ló dé. Mo sọ òótọ́ fún wọn. Nadège ń jẹ bísíkíìtì, ó ń ṣàròyé pé kò yó òun.

Fọ́ọ̀mù kẹta, àgbàlá la ti kọ ọ́. Bí mo bá kọ gbólóhùn kan, Ìyá àgbà á ní kí n sọ ọ́ ní Yorùbá kí n tó kọ òmíràn. Nígbà tí a dé "fermenter", ó ní kí n pè é lẹ́ẹ̀mẹta, òun náà sì ń pè é tẹ̀lé mi. Ẹ̀yìn náà ló tó tẹ ìka. Mèsíyè Romaric wá wo ibi ìdáná, ó wo omi orí ògì, ó jẹ ẹ̀kọ kan, ó sì fọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ tí a padà sí géètì, èmi ni mo ru igbá. Lójú ọ̀nà, mo tún tọrọ àforíjì.

"Ẹni tó bá jẹ ẹ̀kọ á dárí ji ewé," ni Ìyá àgbà wí. "Ṣùgbọ́n má tún ya mọ́ mi lọ́wọ́ o."

Mo ti mọ̀ báyìí pé àìmọ ọ̀rọ̀ kan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ìbéèrè kan péré ni ì bá gbà mí. Ìgbà tí mo fi àṣìṣe mi pamọ́ ló di nǹkan tó ń rùn, ẹni tó fọkàn tán mi ló sì jẹ ìyà rẹ̀.

Ìyá àgbà fi òòlù kan ìwé àṣẹ náà mọ́ igi máńgòrò. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, kì í dìde. Á nawọ́ sí i, á ní, "Kà á dáadáa. Kíkan ni wọ́n kọ síbẹ̀."