Àáró Tí Káfíńtà Kò San

Mi ò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún èyí. Àwòrán náà ṣì wà lára ògiri. Ẹni tó bá láyà lè lọ wò ó.

Káfíńtà àgbà kan ló ní kí ayàwòrán kan ya oko àgbàdo ìgbà èwe òun. Àwọn mọ́kànlá ń fi àáró kórè níbẹ̀: oko ẹnì kan lónìí, ti ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí. Bàbá gbé e kọ́ pálọ̀. Omijé a máa bọ́ lójú rẹ̀ tó bá ń wò ó. "Ayé dùn nígbà yẹn," ni orin ẹnu rẹ̀.

"Bàbá, wọn ò ya òógùn mọ́ ọn," ni ọmọbìnrin rẹ̀ máa ń fi dá a lóhùn. Aránṣọ ni, ọ̀dọ̀ bàbá ló ń gbé, òun ló ń bọ́ bàbá. Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, bó ti ń gbá pálọ̀, ó rí i pé poro àgbàdo kan ti ṣófo nínú àwòrán. Lọ́jọ́ kejì, poro méjì. Tó bá dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró, á máa gbọ́ ọ: kẹ́, kẹ́, àgbàdo ń ya kúrò lára igi.

"Bàbá, oko ta ni wọ́n ń ká yìí?"

"Tèmi ni."

"Tiwọn wá ńkọ́?"

Bàbá ò wojú rẹ̀. "Wọ́n bá mi ká tèmi tán, mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀. Ìlú ni mo sá wá."

Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ́, oko ti tán. Gbogbo wọn sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, wọ́n kọjú sí pálọ̀. Nígbà tí bàbá ránṣẹ́ pe ayàwòrán, inú aránṣọ dùn. Ó rò pé wọ́n fẹ́ pa àwòrán náà rẹ́ ni.

Ayàwòrán dé lọ́sàn-án, ó po ọ̀dà. "Kí ni kí n ṣe sí i, Bàbá?"

"Fi ẹnì kan kún wọn. Ó ti kan oko tiwọn." Bàbá nawọ́ sí aránṣọ. "Tí ara bàbá ò bá gbé e mọ́, ọmọ ẹ̀ ló ń lọ. Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Bàbá! Èmi kẹ̀?"

"Jókòó jẹ́ẹ́, kó lè rí ojú ẹ."

Ó fẹ́ dìde. Ayàwòrán ti ya ẹsẹ̀ rẹ̀ tán. Ẹsẹ̀ ò gbé. Ó ń sunkún, ó ń bẹ bàbá rẹ̀. Bàbá rọra sún àga tirẹ̀ sẹ́yìn, kó má baà dí ìmọ́lẹ̀.

"Tó o bá dé ẹnu ẹ̀," ló sọ fún ayàwòrán, "jẹ́ kó máa rẹ́rìn-ín."