Ọwọ́ Ilẹ̀kùn Tó Tutù

Ìwọ tí o mú ìwé yìí lọ́wọ́, bóyá ẹni tó fún ọ kò tilẹ̀ dúró bá ọ sọ̀rọ̀. Bóyá o sì ti ń wò ó pé, "Kí lèyí fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?" Mi ò bá ọ jà. Ìtàn obìnrin kan tó máa ń ronú bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo fẹ́ sọ fún ọ.

Aránṣọ ni obìnrin náà. Ìyá Alákàn ni àwọn tí wọ́n jọ ń gbélé ń pè é, nítorí òwe kan ṣoṣo tó fi ń dáhùn gbogbo ọ̀rọ̀. Bí o bá ní kó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí atẹ́gùn wọlé, á ní, "Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí." Bí o bá bi í pé ṣé ó jí dáadáa, ojú lalákàn náà ni. Ó máa ń wọn aṣọ oníbàárà lójú oníbàárà, kí wọ́n má baà ní òun gé níbẹ̀. Ó sì máa ń wọn oníbàárà fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bóyá ó ti fa ikùn sínú.

Yàrá rẹ̀ ló kẹ́yìn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan tí yàrá wà lọ́tùn-ún lósì. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà lábẹ́ fèrèsé, ibùsùn wà lẹ́yìn aṣọ títa, àpò àjákù aṣọ sì kún igun kan. Ikọ́ fée ti ń bá a jà láti kékeré. Bí eruku bá ti fẹ́ díẹ̀ báyìí, àyà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé.

Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn dé, tí ìjọba ní kónílé ó gbélé, ìdààmú bá gbogbo ilé náà, oníkálukú sì wá ohun tó máa fi tu ara rẹ̀ nínú. Onígbàjámọ̀ tó ń gbé yàrá iwájú ń mu ọtí láti òwúrọ̀. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ń to ìwé rẹ̀, á tú u, á tún un tò. Ìyá Alákàn ní tirẹ̀ ń fura. Rédíò ti sọ pé ara àwọn tí àyà wọn kò le ni àrùn náà ti ń yára ṣiṣẹ́, ẹ̀rù náà sì wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Oorun dá lójú rẹ̀. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ obìnrin pè é lórí fóònù láti bi í bóyá ó ní oúnjẹ nílé, ohun tó sọ ni pé, "Ta ló rán ọ kó o wá bi mí?" Ó pa fóònù. Àbúrò náà kò sì pè mọ́.

Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi oògùn ṣe oúnjẹ àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́?

Ẹni tó fura sí jù ni obìnrin tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀. Agbálẹ̀ ni obìnrin yìí nílé ìwòsàn. Opó ni, ó ń dá gbé, àfẹ̀mọ́júmọ́ ló máa ń jáde, ọ̀sán ló máa ń wọlé. Onígbàgbọ́ ni, ó sì máa ń kọrin jẹ́ẹ́jẹ́ bó bá ń fọ aṣọ. Orin yẹn gan-an ló ń bí Ìyá Alákàn nínú. Ẹni tó ń ti àárín aláìsàn bọ̀ lójoojúmọ́, kí ló dùn tó ń kọrin sí?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Alákàn jáde, ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ mú láti tì í, ó bá a tó tutù. Ó gbọ́ òórùn àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, òórùn náà kò yé e. Lọ́jọ́ kejì ó tún tutù. Ìdí rẹ̀ kò gba ìjókòó mọ́. Ó lọ fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn kí ilẹ̀ tó mọ́, ó sì gbọ́ tí ohun kan ń ha irin náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nígbà tó yọjú, ẹ̀yìn obìnrin agbálẹ̀ ló rí, tòun ti korobá kékeré àti àkísà lọ́wọ́.

Kó tó di pé obìnrin náà dé lọ́sàn-án, Ìyá Alákàn ti dúró dè é.

"Kí lo fi ń pa ọwọ́ ilẹ̀kùn mi?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Omi ọṣẹ ni. Nítorí àrùn yìí ni mo ṣe ń nù ún."

"Ta ló bẹ̀ ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí."

"Ohun tí mò ń wí nìyẹn. Iṣẹ́ tí wọn ò bẹ̀ ọ́, tó ò jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kó o tó ṣe é, kí lò ń wá ńbẹ̀?"

Obìnrin agbálẹ̀ wò ó, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wọlé lọ. Ìyá Alákàn mú ẹ̀rín yẹn lọ sí yàrá rẹ̀, ó tú u wò bí ẹni tú ojú rírán. Ó wá sọ fún ara rẹ̀ pé ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé.

Láti ọjọ́ náà, ó ń lọ láti ẹnu ilẹ̀kùn kan dé èkejì. Ó sọ fún onígbàjámọ̀, ó sọ fún tíṣà, pé obìnrin agbálẹ̀ ń kó àrùn bọ̀ láti ilé ìwòsàn, ó sì ń fi pa ọwọ́ ilẹ̀kùn. Ta ló ń wádìí nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà á? Ó pe onílé pẹ̀lú. Onílé kò wá wo nǹkan kan. Ó kàn pe obìnrin agbálẹ̀ lórí fóònù, ó ní kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Ìyẹn náà kò tíì tẹ́ Ìyá Alákàn lọ́rùn. Ó lọ bá ọkùnrin kan tó ń ta oògùn ìṣọ́ra lẹ́bàá ọ̀nà, ó ra lẹ́búlẹ́bú dúdú lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà ní kó fi epo po apá kan, kó fi kun ọwọ́ ilẹ̀kùn, ọwọ́ ọ̀tá tó bá kàn án yóò wú. Ó ní kó da apá kejì sórí ẹyin iná nínú yàrá tó ti pa, gbogbo àrùn ni yóò sá. Ẹ ò rí nǹkan! Obìnrin tó fura sí oníbàárà, tó fura sí ará ilé, tó fura sí ọmọ ìyá rẹ̀, kò fura sí ọkùnrin yìí rárá.

Ó kun ọwọ́ ilẹ̀kùn náà dúdú. Ó dúró láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì sọ ọ́ kí gbogbo ilé gbọ́: "Ẹni tó bá tún fọwọ́ kàn án, kó má sọ pé mi ò wí. Ọwọ́ rẹ̀ á wú ni." Láti ìgbà náà, ara ògiri òdìkejì ni wọ́n ń gbà bí wọ́n bá ń kọjá lọ sẹ́yìnkùlé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí obìnrin agbálẹ̀ ń di ẹrù rẹ̀, Ìyá Alákàn ní kí òun kúkú parí iṣẹ́ òun. Ó fi àjákù aṣọ dí gbogbo ojú fèrèsé. Ó kì wọ́n mọ́ abẹ́ ilẹ̀kùn, ó tún fi sísọ́ọ̀sì tẹ̀ wọ́n mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí kò fi ku ibi tí abẹ́rẹ́ lè gbà. Ó fi irin dábùú ilẹ̀kùn náà. Ó da lẹ́búlẹ́bú sórí ẹyin iná, ó jókòó lórí àga ìránṣọ rẹ̀, ó ń retí ìfọ̀kànbalẹ̀.

Èéfín ló dé. Ó kọ́kọ́ ta á lójú, ó wá bá a lọ́fun, lẹ́yìn náà ó di àyà rẹ̀ mú. Ó na ọwọ́ sí oògùn tó máa ń fín sí ẹnu, ọwọ́ rẹ̀ gbá a, ó bọ́ sínú àpò àjákù aṣọ. Ó tú u, tú u, kò rí i. Ó rá dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ó fa irin ìdábùú kúrò. Àmọ́ ìta ni ilẹ̀kùn náà ń ṣí sí, aṣọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kì mọ́ ọn ti dì í pa, agbára tó lè fi tì í kò sì sí lára rẹ̀ mọ́. Ó ń fi ọwọ́ lu pákó. Àwọn ará ilé gbọ́, wọ́n sì sáré wá.

"Èéfín ń bọ̀ látinú. Ẹ fà á," ohùn tíṣà nìyẹn.

"Ẹ̀yin ẹ fà á," onígbàjámọ̀ dá a lóhùn. "Ṣebí ó ní ọwọ́ ẹni tó bá kàn án á wú."

"Ẹ wá igi."

"Igi wo ló ń fa ilẹ̀kùn?"

Ìyá Alákàn ń gbọ́ wọn. Ó fẹ́ pariwo pé ẹ̀bá ọ̀nà lòún ti rà á, pé kí wọ́n má dá òun lóhùn, kí wọ́n ṣáà fà á. Èémí tó máa fi sọ ọ́ kò sí. Ó ti ń wá ọ̀tá kiri nínú ilé náà, ó sì wá hàn sí i níbi tó nà gbalaja sí pé òun fúnra òun ni. Ẹ̀rù bà á, kì í ṣe ẹ̀rù àrùn. Ó mọ̀ pé bí òun bá kú báyìí, ọ̀dọ̀ Ọlọ́run lòun ń lọ, òun kò sì ní ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu tóun máa sọ níbẹ̀.

Ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn òdìkejì ṣí.

"Ẹ yàgò fún mi," obìnrin agbálẹ̀ ló sọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ má fọwọ́ kàn án o," onígbàjámọ̀ ní.

Obìnrin náà kọjá láàárín wọn. Ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn náà mú ṣinṣin, ó fi ẹsẹ̀ ti ògiri, ó fà á. Ilẹ̀kùn ṣí, obìnrin náà sì fa Ìyá Alákàn jáde sínú afẹ́fẹ́.

Ilé ìwòsàn ni Ìyá Alákàn ti lajú, ohun tó ń fún un ní afẹ́fẹ́ wà nímú rẹ̀. Obìnrin agbálẹ̀ jókòó sẹ́bàá ibùsùn, ó fi ìbòmú bo imú, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan. Ibi tí Ìyá Alákàn kọ́kọ́ wò ni ọwọ́ yẹn. Àtẹ́lẹwọ́ náà dúdú láti ìka dé ọrùn ọwọ́. Kò wú.

"Ṣé kò dùn ọ́?" ó béèrè wúyẹ́wúyẹ́.

"Kò dùn mí, ẹ̀gbọ́n. Kò kàn tètè bọ́ ni. Mo ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí."

"Ṣé òótọ́ ni pé omi ọṣẹ lo fi ń nù ún?"

"Òótọ́ ni. Gbogbo ilẹ̀kùn ilé ni mò ń nù. Tiyín ni mo máa ń nù kẹ́yìn, mo sì máa ń nù ún lẹ́ẹ̀mejì, torí mò ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń mí. Ẹ ò fọwọ́ kan tẹlòmíràn wò ni?"

Kò fọwọ́ kàn án wò. Tirẹ̀ nìkan ló ń ṣọ́.

Síbẹ̀ ìfura kò tíì kú. "Mo lé ọ kúrò nílé," ó ní. "O mọ̀ pé èmi ni. Kí wá lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?"

Obìnrin agbálẹ̀ sún mọ́ ibùsùn díẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní purọ́ fún yín. Inú bí mi. Mo gbọ́ tẹ́ ẹ̀ ń lu ilẹ̀kùn, ọkàn kan ní kí n máa di ẹrù mi lọ. Àmọ́ mo rántí pé nígbà témi náà wà nínú yàrá tí mo fọwọ́ ara mi tì pa, ẹnìkan wà tí kò bẹ̀rù láti fọwọ́ kàn mí. Wọ́n kan ìṣó mọ́ ọwọ́ rẹ̀ torí mi. Àpá rẹ̀ ò sì parẹ́ bí àbàwọ́n ọwọ́ mi yìí ṣe máa parẹ́. Jésù ni. Òun náà ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yín tipẹ́, ẹ̀ ń bi í pé kí ló ń wá."

Ìyá Alákàn kọjú sí ògiri. Ó ń wá ẹ̀tàn nínú ọ̀rọ̀ náà bó ṣe máa ń wá ojú rírán tó já. Ó wá a títí, kò rí i. Ibi tó ti ń wá a lomijé ti bọ́ lójú rẹ̀. Ó sunkún nítorí àbúrò rẹ̀ tó gé ọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́nu. Ó sunkún nítorí obìnrin tó bà lórúkọ jẹ́, àti nítorí gbogbo ọdún tó fi fura sí Ọlọ́run tó dá a. Ó ní, "Olúwa, mo ti ń ti ọ́ síta. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí. Fà mí jáde." Àdúrà náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọlọ́run gbọ́ ọ.

Nígbà tó padà délé, ó dúró láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tó ti kéde àkọ́kọ́, ó sì sọ fún gbogbo wọn pé irọ́ lòun pa mọ́ obìnrin náà. Ó pe àbúrò rẹ̀, ó tọrọ àforíjì. Ó pe onílé, ṣùgbọ́n onílé ní òun ti fi yàrá náà fún ẹlòmíràn. Ìyá Alákàn bá wọ yàrá rẹ̀, ó sún ẹ̀rọ ìránṣọ, ó kó àpò àjákù aṣọ jáde, ó tẹ́ ibùsùn kejì. Obìnrin tí kì í jẹ́ kí oníbàárà kọjá ẹnu ọ̀nà gba obìnrin agbálẹ̀ sínú yàrá, ó sì fún un ní kọ́kọ́rọ́.

Bí obìnrin agbálẹ̀ bá ti jáde lọ síbi iṣẹ́ báyìí, Ìyá Alákàn ló ń gbé korobá. Ìbòmú wà nímú rẹ̀, àkísà wà lọ́wọ́ rẹ̀, láti yàrá onígbàjámọ̀ dé yàrá tíṣà. Nígbà tí onígbàjámọ̀ bi í lówùúrọ̀ ọjọ́ kan pé ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí."

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ ńkọ́? Bóyá ọtí lo fi ń pa ìdààmú tìẹ, tàbí oògùn ìṣọ́ra, tàbí o kàn ti ọkàn rẹ pa tí o ń sọ pé o gbọ́n. Kí lo fi kì mọ́ abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ? Èéfín tó wà nínú ilé yẹn, ẹ̀ṣẹ̀ ni, yóò sì pa ọ́ bí o bá dúró tì í. Jésù kú fún ẹ̀ṣẹ̀ rẹ, ó sì jí dìde. Kò wá gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ. O ti fura sí i pẹ́ tó.

Má sọ pé ó di ọ̀la. Ìyá Alákàn rò pé òun ní ọjọ́ tó pọ̀, kò mọ̀ pé èémí òun ló kù díẹ̀. Níbi tí o jókòó sí yìí, kí o tó ká ìwé yìí pọ̀, fa irin ìdábùú náà kúrò. Bí o kò bá ní agbára láti ti ilẹ̀kùn, sọ fún Jésù. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára ilẹ̀kùn náà láti ìta.