Ohun Tí Mo Sọ Nípa Skorva

"Gudveig, ṣé ọ̀dọ̀ tìẹ mọ́?" Bàbá mi ló ń bi mí lórí rédíò ọwọ́.

Téńté òkè ni mo dúró sí. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni kòtò Skorva wà, pẹ̀lú ògiri òkúta ilé àtijọ́ tí ìyá àgbà Bàbá Tarjei, aládùúgbò wa, ti ń ṣe wàràkàṣì nígbà ayé rẹ̀. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ débẹ̀ kí n sì gòkè padà, á tó wákàtí kan gbáko. Ọ̀rẹ́ mi Synne sì ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹta lórí fóònù. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ gbé mi lọ wo fíìmù nígboro, wọ́n sì ti ń dúró dè mí.

"Àbí àgùntàn lo fẹ́ fẹ́ ni?" ni Synne bi mí kẹ́yìn.

Mo na ọrùn wo ìsàlẹ̀. N kò rí nǹkan kan, n kò sì gbọ́ agogo. Ni mo bá tẹ rédíò, mo ní, "Ó mọ́."

Bí a ti ń ṣe é lábúlé wa nìyẹn. Tó bá di oṣù Kẹsàn-án, gbogbo ilé a jáde lọ kó àwọn àgùntàn tó ti ń jẹ̀ káàkiri orí òkè láti ìgbà tí ooru ti mú. Wọ́n á fún kálukú ní ìhà tirẹ̀. Ẹni tó bá ti ní ìhà tòun mọ́, pé kò sí àgùntàn tó kù níbẹ̀, kò sẹ́ni tó tún ń padà lọ wò ó.

Nígbà tí a fi nọ́ńbà tí a so mọ́ etí wọn ya àwọn àgùntàn sọ́tọ̀ nínú ọgbà, mẹ́ta dín nínú ti Bàbá Tarjei: Dokka, abo tó so agogo mọ́rùn, àtàwọn ọmọ rẹ̀ méjì.  Orúnkún Bàbá Tarjei kò gba òkè gígùn mọ́, òun ló sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pe àgùntàn nígbà tí n kò ì tí ì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Ó rọra bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé o dé inú ògiri yẹn? Dokka fẹ́ràn ibẹ̀."

"Mo débẹ̀, Bàbá."

Ojú tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́.

Kò sẹ́ni tó ń lọ lọ́jọ́ náà láìjẹun, nítorí náà Synne dúró sínú ọkọ̀, èmi sì jókòó nídìí ẹran àgùntàn àti kábéèjì pẹ̀lú àwọn ará ilé. Àwọn kan ní ó lè jẹ́ ìkookò ló pa wọ́n. Ọ̀kan ní kí àwọn ọ̀dọ́ tún padà sí Skorva kí ilẹ̀ tó ṣú. Yìnyín ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lójú fèrèsé.

Bàbá Tarjei mi orí. Ó ní, "Gudveig ló rìn ín. Bó bá ní kò sí níbẹ̀, kò sí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká jẹun."

 Mo gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. N kò dé inú ògiri. Òkè ni mo ti wò ó."

  Bàbá mi dìde, ó lọ wọ bàtà rẹ̀. Èmi náà wọ tèmi, a sì kọjá lára ọkọ̀ Synne láìdúró.

Inú ògiri ni a ti bá Dokka, yìnyín bò ó lẹ́yìn. Ọmọ rẹ̀ kan fara mọ́ ọn. Èkejì ti jábọ́ sínú odò tó wà nítòsí ibẹ̀, ó ti kú. Mo sunkún bí a ti ń padà sílé, bàbá mi kò sì ní kí n má sunkún.

Bàbá Tarjei kò bú mi. Ó fi nọ́ńbà etí ọmọ àgùntàn tó kú sí mi lọ́wọ́. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó lè fojú ara rẹ̀ rí gbogbo òkè yìí, Gudveig. Ọ̀rọ̀ ẹnu ara wa la fi ń ríran."

Mo ti wá mọ̀ pé irọ́ tí mo pa kí n má baà fi wákàtí kan rìn, ẹlòmíràn ló fara gbá a. Ó sì sàn kí ojú tì mí nídìí oúnjẹ ju kí n dákẹ́ kí Dokka náà kú.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún tó tẹ̀ lé e, bàbá mi fẹ́ fún ẹlòmíràn ní Skorva. Bàbá Tarjei ní rárá, Gudveig ni kó lọ.

Mo sọ̀ kalẹ̀ débẹ̀. Mo gbé ọwọ́ lé òkúta ògiri náà, mo wo gbogbo igun rẹ̀, mo tẹ rédíò.

"Inú ògiri ni mo wà. Ó mọ́."

Bàbá Tarjei ló dáhùn láti abúlé pé, "Mo gbọ́, ọmọ mi. Máa bọ̀." Kò tún bi mí lẹ́ẹ̀kejì.