Omi Kànga Bàbá Ṣóbọ̀wálé

Ta ni kò mọ Bàbá Ṣóbọ̀wálé ní Ìjẹ̀gùn? Onílé ni, ìjókòó iwájú ló sì máa ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n kò mọ Olúwa.

Lásìkò òjò, Simeon, olùkọ́ tó háyà yàrá lọ́dọ̀ rẹ̀, wá bá a. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, omi kànga wa ń rùn. Ó jọ pé ṣálángá ti ń jò sí i."

Bàbá mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó ti fojú ara rẹ̀ rí ibi tí ògiri ṣálángá ti là. Síbẹ̀ ó ní, "Ẹni tí omi mi ò bá tẹ́ lọ́rùn, kó kẹ́rù ẹ̀ jáde jàre!" Píọ̀ wọ́tà lòun ń mu ní tirẹ̀.

Hope, ìyàwó Simeon, wà nínú oyún oṣù méje. Ibà dá a wólẹ̀. Ẹyinjú rẹ̀ di yẹ́lò, ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi kóòkì. Dókítà ní àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ni, irú èyí tó ń bá omi ìdọ̀tí wọlé, tó sì máa ń le lára aláboyún. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún, kò dá ọkọ rẹ̀ mọ̀ mọ́. Ó kú, tòun toyún.

Bàbá gbé àpò ìrẹsì wá síbi ìsìnkú, àwọn èèyàn sì ń dúpẹ́. Ọpẹ́ náà ń gún un lọ́kàn. Ó fẹ́ gbàdúrà, ẹnu rẹ̀ kọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Simeon, ọmọ tó lè bí.

"Simeon, mo ti mọ̀ kó o tó sọ fún mi. Èmi ni mo pa wọ́n."

Simeon sunkún títí. Ó wá ní, "Inú ń bí mi sí yín, Bàbá, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè wẹ ẹ̀jẹ̀ kúrò lọ́wọ́ yín. Jésù nìkan ló lè ṣe é. Ẹ sọ ọ́ fún Un."

Níbẹ̀ ni bàbá arúgbó náà ti ké pé, "Olúwa, apààyàn ni mí. Ṣàánú mi!"

Lọ́jọ́ náà gan-an ló ti kànga pa. Ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń jẹ́wọ́, ó ń bẹ àwọn tó ti mu omi náà kí wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò. Àwọn kan ṣépè fún un, síbẹ̀ ó lọ sí ojúlé tó kàn. Ikú Hope ṣì ń dùn ún dòní, ṣùgbọ́n kò sá fún Ọlọ́run mọ́.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Kí lo mọ̀ tó o pa mọ́, tí ẹlòmíì ń jìyà rẹ̀? Jésù kú fún irú rẹ. Kúnlẹ̀ níbi tó o wà, sọ òótọ́ fún Un, kó o sì dìde lọ bá ẹni tó o ṣẹ̀, lónìí, nígbà tó ṣì wà láàyè.